Ọ̀yà àti Ìgbẹ́ Àtíòro

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ọ̀yà, tó kọ́kọ́ dé ilẹ̀ tí iná jó, tó jẹ koríko yó, tó sọ ara rẹ̀ di baálẹ̀. Bí ẹyẹ Àtíòro bá yàgbẹ́ tó ní kóró èso nínú, tí igi hù níbẹ̀, Ọ̀yà á gé e kí òjìji má baà pa koríko òun, á ní kí Àtíòro máa lọ, á dárin:

Ta ló kọ́kọ́ dé?
Ọ̀yà ni!
Ta ló nilẹ̀?
Ọ̀yà ni!

Igi odán kan tó hù bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn òkìtì ọ̀gán nìkan ni kò rí.

Nígbà tí odán ti dàgbà, ọ̀gbẹlẹ̀ dé, iná tún sọ, koríko ọ̀hún ló gbé e wá bá Ọ̀yà. Ó sá sábẹ́ odán. Koríko kì í hù lábẹ́ òjìji. Iná ò rí nǹkan jẹ, ó kú. Ọ̀yà mí kanlẹ̀.

Àtíòro pè é látòkè: “Ẹ kú ewu, Baálẹ̀. Ṣé kí n máa lọ?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún yàgbẹ́!”