Ìbọn Tí Wọ́n Gbẹ́ fún Èjìká Òsì

Ọjọ́ kejì ni mo fẹ́ fa ìbọn ìdíje bàbá mi lé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́wọ́. Nítorí náà ni ara ṣe fu mí nígbà tí ọkùnrin àgbà kan dé sẹ́nu ọ̀nà mi ní ìrọ̀lẹ́, tó ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló rán òun wá yẹ ìbọn náà wò. Mo ti gbọ́ nípa àwọn tó ń fi ayédèrú pààrọ̀ ohun àtijọ́. Ajá mi kò sì gbó o.

"Ọ̀mọ̀wé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n gbẹ́ ìdí ìbọn náà fún, àbí?"

Aṣọ ṣì bo ìbọn náà.

"Ṣé ojú yín ń ríran gba inú aṣọ kọjá ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n."

Ó tú u. Igi ìdí rẹ̀ kúrú, nítorí apá bàbá mi kò gùn. Ẹni tó ṣe é sì gbẹ́ kòtò kékeré síbi tí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá mi ń sinmi lé. Gbogbo ẹ̀gbọ́n mi ti gbé e wò rí. Kò bá ìkankan nínú wọn mu.

Ọkùnrin yìí gbé e sí èjìká òsì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ kòtò náà régí. Ó di ojú ọ̀tún, ó sì fi ìka kan igi náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí bàbá mi ti máa ń ṣe kó tó yìnbọn.

"Ẹ gbé e sílẹ̀, alàgbà," mo pàṣẹ.

Kò yíjú padà. "Kúrò lójú ìbọn, Àwẹ̀ró."

N kò sọ oríkì mi fún un. Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá mi, kò sí ẹni tó tún pè mí bẹ́ẹ̀.

Mo kúrò.