Orúkọ Kan Lára Ògiri Èbúté

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ sá lọ o. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, torí ó ká mi lára gan-an.

1. Káfíńtà kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹ-dúró-kí-n-yà-á, nítorí pé kò sóhun tójú rẹ̀ rí tí kì í fi fóònù yà. Atukọ̀ òkun ni bàbá ìyàwó rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni obìnrin náà nígbà tí ọkọ̀ bàbá rẹ̀ rì. Wọ́n kọ orúkọ bàbá náà sára ògiri ìrántí àwọn tó bá òkun lọ, ní ìlú èbúté àtijọ́ tí ọkọ̀ náà ti gbéra. Ogójì ọdún ni ìyàwó fi bẹ ọkọ rẹ̀: "Bàbá wọn, ẹ mú mi débẹ̀. Kí n sáà fọwọ́ kan orúkọ bàbá mi."

2. Nígbà tó yá, wọ́n dé ìlú náà lóòótọ́. Háà! Ilé olókùúta rèé, ìbọn àgbá ayé àtijọ́ rèé tó dojú kọ òkun. Orí káfíńtà wú. Bẹ́ẹ̀ aago mẹ́rin ni wọ́n ń ti géètì ibi ògiri náà.

"Bàbá wọn, ṣé ká máa lọ?"

"Dúró síbí. Rẹ́rìn-ín dáadáa! Kí àwọn ará ilé mọ̀ pé a ti rìn jìnnà jù wọ́n lọ."

"Ẹsẹ̀ ń ro mí o."

"Ẹyọ kan péré ló kù."

Ẹyọ kan péré yẹn di ọgọ́fà. Nígbà tí wọ́n máa fi dé géètì, wọ́n ti tì í. "Ọ̀la náà ọjọ́ ni," ni ọkọ wí. Obìnrin náà ò jà. Ó forí ti irin géètì, ó ní, "Bàbá mi, mo dé o." Ó sì yí padà.

3. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, níbi tó ti ń wọ bàtà ló ti ṣubú. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Yéè! Ọkùnrin yìí ń mi òkú lẹ́jìká: "Dìde, jọ̀ọ́. Wọ́n ti ṣí géètì!"

4. Ó ní kí òun kúkú lọ bá a fọwọ́ kan orúkọ náà. Orúkọ tó lé ní irinwó ló wà lára ògiri, kò rí ti àna rẹ̀. Obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní, "Ẹ̀yin bàbá, orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n ń jẹ́ nínú ọkọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kí ni wọ́n ń pe tiyín?"

Kò mọ̀. Láti ogójì ọdún, "bàbá ìyàwó mi" ló ń pè é, kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wà ní mọ́ṣúárì. Ó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń fọwọ́ kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sunkún bí ọmọdé: "Ẹ má bínú, sà. Mo mú ọmọ yín wá. Èmi ni mi ò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ yín."

Ìwọ tó ń ka èyí, kí ni ìyàwó rẹ, ọkọ rẹ, ìyá rẹ ń bẹ̀ ọ́ fún? Ṣe é lónìí. Ti fóònù yẹn sápò ná. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.