Sílíńdà Tuntun

Oníṣẹ́ éésì ọkọ̀ náà fi búrọ́ọ̀ṣì pa omi ọṣẹ mọ́ oríkèé páìpù. Lójú ẹsẹ̀, ọṣẹ náà hó yeye.

"Mọ́mì Ìbùkún, ibí ni gáàsì tí mo rọ sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá ti ń jò."

"Àbájọ tí inú ọkọ̀ fi ń rùn bíi kíṣìnì."

Ó rẹ́rìn-ín. "Gáàsì éésì kì í rùn báyẹn, mà."

"Ẹ gbóòórùn ẹ̀ fúnra yín."

Ó fa imú títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Láti ìgbà tí kòrónà ti mú un ni imú rẹ̀ ti kú. Ó gbé sílíńdà tuntun tó rà lówó pọ́ọ́kú n'Íbàfò, èyí tó ti rọ gáàsì náà, wá, ó sì ṣí i díẹ̀.

"Ẹ bá mi gbóòórùn èyí."

Obìnrin náà fò sẹ́yìn. "Gáàsì ìdáná nìyí!"

Oníṣẹ́ éésì náà sáré ti sílíńdà náà pa. Gáàsì yìí kan náà ló rọ sínú éésì ọkọ̀ ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀ yìí, láìwá ibi tó ń jò. Ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù.

"Dádì Delight, éésì yín mà tutù o! Gbogbo gíláàsì la tì pa, àwọn ọmọ ti sùn lọ fọnfọn." Ó fa imú. "Ṣùgbọ́n kí ló ń rùn bíi kíṣìnì yìí?"