Òkété Da Omi Gbóná sí Irúgbìn

Àlọ́ o! Ẹ múra àtigbè. Ìlú mẹ́rìndínlógún ni mo ti pa á, kò síbi tí wọn ò ti fún mi ní àga.

Ìyàn mú, àwọn ọmọ Òkété ń sunkún ebi. Òkété ò lóko, kò ní ọkọ́. Ìkòkò tó ti sán àti ẹ̀kúnwọ́ irúgbìn ewédú ló ní. Ó kó ilẹ̀ ààtàn sínú ìkòkò, ó da omi gbóná lé irúgbìn lórí, ó tètè sẹ́ ẹ, bí ìyá ọkọ rẹ̀ ti máa ń ṣe.

Àparò tó ń pera ẹ̀ lágbẹ̀ ńlá bú sẹ́rìn-ín. "O ti sè é pa, ìwọ aláìlóko!"

Òkété gbìn ín, ó ń kọrin:

Irúgbìn kékeré, jí o.
Jíjí, jí!
Omi gbóná, má pa á o.
Jíjí, jí!

Lọ́jọ́ kẹrin, háà! Ewé tútù yọ lára ohun tí omi gbóná bó. Erin gan-an kúnlẹ̀ wò ó.

Àparò sáré relé. "Bí omi lásán bá ṣe èyí, kí ni iná ò ní ṣe?" Ó gbé odindi agbọ̀n irúgbìn kaná láti àárọ̀ dọ̀sán, ó gbìn ín yí oko ká. Títí ewédú Òkété fi so, koríko ló hù lóko Àparò.

Ó wá dọ̀bálẹ̀. "Ìyá mi, ẹ gbà mí."

Òkété bu irúgbìn fún un. "Ẹ gbà, Bàbá Àgbẹ̀. Àmọ́ èmi ni n ó wá da omi náà."

Bí mo bá parọ́, kí ewédú ilé mi má yọ̀ mọ́.