Igún Lẹ́nu Ìkòkò Aró

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Igún lórí.

Láyé ọjọ́un, Agẹmọ ló ń pa àwọn ẹyẹ láró. Á gba ìyẹ́ kan lọ́wọ́ ẹyẹ, á rì í sínú ìkòkò tó ń hó, á ní: "Máa lọ sùn. Àwọ̀ rẹ á wá bá ọ níbi tó o bá wà."

Gbogbo wọn lọ, àfi Igún. Ẹ̀rù ń bà á pé Agẹmọ á gbàgbé òun. Ó na ọrùn sórí ìkòkò, ó ń kọrin:

"Agẹmọ, ṣé pupa orí mi ti jinná?"

Agẹmọ á gbè é: "Ó kù díẹ̀!"

Ìyẹ́ orí rẹ̀ ń re nínú ooru, kò mọ̀.

Nígbà tí pupa náà jinná, ó dìde bí èéfín, ó wá ìyẹ́ lórí Igún, kò rí. Ló bá fò kọjá, ó lọ bà lé ìrù Odídẹrẹ́ tó ń sùn jẹ́jẹ́ lórí ìrókò.

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó wo orí Igún.