Ìdúpẹ́ Ọ̀rọ̀ Àyálò

Ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ ara ògiri sì pe Àríyíkẹ́ kó wá dúpẹ́ ọ̀rọ̀ èdè òkèèrè tó yá lò lánàá lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, bí gbogbo ìlú ti ń ṣe láràárọ̀. Àríyíkẹ́ kúkú rèé, ọmọ tí ojú máa ń tì láti kí òjìji ara rẹ̀! Ó ti rò pé òun gbọ́n: inú yàrá ló ti dá sọ ọ̀rọ̀ náà lánàá, ó tún tilẹ̀kùn.

“Ẹ kú oore àná, Mà. Mo yá ‘áńgẹ́lì’ yín lò.”

Màmá ará Gíríìkì tó ni ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀rọ. “Gbogbo Yúróòpù ló ń yá a, ọmọ mi. Jámánì ń pè é ní ‘éńgẹ́lì’, Ítálì ní ‘áńjẹ́lò’, wọ́n sì so ìyẹ́ mọ́ ọn. Ońṣẹ́ lásán ni tẹ́lẹ̀ nílé wa. Ta ni ìwọ wá fi pè?”

Àríyíkẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

“Dá wọn lóhùn!” ni ìyá rẹ̀ àgbà tó jókòó nítòsí wí. “Ẹni tó yá ìkòkò, ṣé kò ní í sọ ohun tó fi sè ni?”

“Akínmádé ilé kejì ni, Mà. Òun gan-an ò tíì gbọ́.”

“Mo ti gbọ́ o,” ni ohùn kan wí lójú fèrèsé.

Ìyá àgbà fa àga síwájú. “Wọlé, jàre. Má dúró síbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jí adìẹ.”