Sàréè Abẹ́ Pẹpẹ

Ta ló sọ pé òkú kì í bínú? Ìkọ̀kọ̀ ni Bàbá Ìjọ, Ìgè Ṣówándé, ti ní kí wọ́n hú egungun obìnrin kan lábẹ́ pẹpẹ, kí àyè lè gba òkú bàbá tirẹ̀. Inú ọ̀sà ni wọ́n da egungun náà sí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bó ṣe fẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́ tó, tó, tó. Òjò kò sì rọ̀. Ìyá arúgbó kan ló jókòó níwájú, tí omi ń ro lára rẹ̀.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Mà. A fẹ́ tilẹ̀kùn."

"Ẹ tì í dáadáa. Mo ti padà sílé mi. Mo ti lé àlejò yín síta."

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, ó sì húkọ́. Ìgè mọ ikọ́ yẹn.

"Ìgè, ṣílẹ̀kùn," ni ohùn bàbá rẹ̀ wí. "Ibo lo ní kí n lọ sùn?"